Imú Ọ̀jọ̀gbọ́n Jíà

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú Ọ̀jọ̀gbọ́n Jíà, ẹ pè é ní mẹkáníìkì. Lójú tirẹ̀, mẹkáníìkì ni ẹni tó ń yí gbiri lábẹ́ mọ́tò, tí ọ́ìlì ń kán sí lójú. Òun kì í wọ abẹ́ mọ́tò. Òun kì í tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kóòtù funfun ló ń wọ̀ ṣiṣẹ́, ó sì fi rọ́bà tí àwọn dókítà fi ń gbọ́ àyà kọ́ ọrùn. Bí wọ́n bá gbé mọ́tò dé, á fi rọ́bà náà lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á dijú, á mi orí, á wá mí kanlẹ̀.

"Ó ti ń lọ," ni yóò wí. "Ẹ bá mi pe àwọn ẹbí."

Orúkọ tó fún ara rẹ̀ pọ̀: Ọ̀jọ̀gbọ́n Jíà, Etí-ju-ojú-lọ, Ọlọ́wọ́-funfun-láàrin-ọ́ìlì. Èyí tí àwọn aládùúgbò fún un ni Má-bẹ̀rẹ̀-kóòtù-á-rún. Ó gbọ́ ọ, ó sì gbà á bí oríkì. Kóòtù náà ló jẹ ẹ́ lógún jù láyé. Télọ̀ tó rán an ti kìlọ̀ fún un pé ó fún mọ́ ọn lára, pé kò sí àlékún aṣọ kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí ni òun fẹ́ fi àlékún ṣe.

Nígbà tó yá, ó wù ú láti di alága ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì. Kí òkìkí rẹ̀ lè kàn, ó lọ ṣe kápẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ tí wọ́n ń tẹ́ sínú mọ́tò, ó ki pọ̀pọ̀ bíi tìmùtìmù, ó sì tẹ ojú ara rẹ̀ gbàgàdà sí i lórí, ẹ̀rín kò kúrò lẹ́nu, imú rẹ̀ sì yọ gànǹgàn.

"Ṣé kí àwọn èèyàn máa tẹ̀ yín lójú ni?" Télọ̀ bi í.

"Kí wọ́n máa rí mi kí wọ́n tó gbéra ni."

Gbogbo oníbàárà ló gba ọ̀kan. Ó yẹ kí ó tẹ́ ẹ fún wọn dáadáa, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ tẹ́ nǹkan gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ojú fèrèsé ló ti ń jù ú sílẹ̀. Ibi tó bá bọ́ sí, ibẹ̀ náà ló ń gbé.

Kò pẹ́ sí i ni àìsàn kan bá gbogbo mọ́tò àdúgbò. Bí wọ́n bá fẹsẹ̀ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, jíà kò wọlé mọ́. Ti Tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ń ké ní jíà kìíní, ti Télọ̀ kò gba rìfáàsì rárá. Iwájú ṣọ́ọ̀bù Ọ̀jọ̀gbọ́n kún fọ́fọ́, inú rẹ̀ sì dùn dé ìdí.

"Àjàkálẹ̀ àrùn kílọ́ọ̀ṣì ni," ó ń sọ kiri. "Ẹ dúpẹ́ pé ẹ ní mi."

Ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn mọ́tò náà ni ojú rẹ̀ wà lára. Mọ́tò búlúù ti Ìyá Agbẹ̀bí ni, ògbólógbòó mọ́tò tí kò dípẹtà níbì kankan. Ọgbọ̀n ọdún ni màmá náà fi wà á lọ bá àwọn aboyún títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti ń rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀, alága tuntun, tí yóò máa juwọ́ sí àwọn èèyàn láti ojú fèrèsé. Ló bá gbọ́ àyà mọ́tò náà, ó ní ó ti kú, ó sì ní kí màmá fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda kí òun bá a gbé òkú náà kúrò nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó pe gbogbo oníbàárà wá ṣe ẹlẹ́rìí.

"Màmá, kílọ́ọ̀ṣì ti jó, jíà ti rún. Ẹ gba bíírò."

"Bí mo bá pa á, gbogbo jíà ló ń wọlé wẹ́rẹ́," Ìyá Agbẹ̀bí wí. "Bí mo bá tàn án ló ń pariwo."

"Ẹ ò rí i? Bó bá ti sùn, kò mọ ohun tó ń dùn ún."

Tíṣà mi orí bí ẹni tó gbọ́ ẹ̀kọ́ ńlá.

"Ọ̀sẹ̀ tí o fún mi ní kápẹ́ẹ̀tì ló sì bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ wá wo àánú! Ọ̀sẹ̀ tí àìsàn dé gan-an ni ẹ̀bùn tẹ̀ yín lọ́wọ́."

"Ṣé o tiẹ̀ ti wo ìsàlẹ̀ níbi tí mò ń tẹ̀?"

"Mo ti gbọ́ ọ, Màmá. Kí ni mo tún fẹ́ wò?" Ó kọjú sí èrò. "Bí mọ́tò yìí bá fi jíà rìn kúrò níbí lónìí, kí kóòtù yìí kúrò lára mi!"

Omi lé sójú màmá. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun jókòó sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó wọlé, ó fọwọ́ pa síárìn. Orí ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n bí Tíṣà sí lọ́jọ́ kan tí ọ̀nà jìn. Bíírò tó gbà já bọ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti mú un, kò sì tètè dìde.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, wá."

"Mò ń gbọ́ yín láti ibí, Màmá."

"N ò ní kí o gbọ́. Mo ní kí o wá wò ó."

Ọ̀jọ̀gbọ́n kò bẹ̀rẹ̀. Tíṣà ló bá a wò ó, ló bá pariwo.

"Háà! Imú yín ni, sà!"

Kápẹ́ẹ̀tì náà ti ká jọ sẹ́yìn kílọ́ọ̀ṣì. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́ dé àárín, imú Ọ̀jọ̀gbọ́n ló ń bá pàdé. Kílọ́ọ̀ṣì kò délẹ̀ rí láti ọjọ́ náà, kí jíà ó ti ṣe wọlé?

Ìyá Agbẹ̀bí ká apá aṣọ sókè. "Ẹ má fà á tipátipá," ó wí. "Orí rẹ̀ ti ń bọ̀. Ó kù díẹ̀." Ó rọra yí i, ó fà á jáde, ó gbé e sókè, ó sì gbá a nídìí kí eruku tú jáde.

"Ó jọ bàbá rẹ̀," ó wí.

Ó tan mọ́tò. Kílọ́ọ̀ṣì délẹ̀, jíà kìíní wọlé láìké. Ó wà á dé òpin òpópó, ó sì fi rìfáàsì padà wá síwájú Ọ̀jọ̀gbọ́n gan-an.

Èrò tú ká. Tíṣà sáré sí mọ́tò tirẹ̀, Télọ̀ sáré sí tirẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti ojú fèrèsé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wọlé. Òkìtì ojú Ọ̀jọ̀gbọ́n ń rẹ́rìn-ín sí i nílẹ̀.

"Ẹ fara balẹ̀, àyẹ̀wò kò tíì parí!" ó ń wí, ó sì ń fẹ̀yìn rìn lọ síbi mọ́tò tirẹ̀. Ó kó sínú rẹ̀, ó tàn án, ó fẹ́ sá lọ.

Kẹ̀rẹ̀rẹ̀rẹ̀! Jíà kò wọlé.

Kápẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ló jù sínú tirẹ̀, nítorí òun ni alága ọ̀la.

Gbogbo èèyàn dúró, wọ́n ń wò ó.

"Bẹ̀rẹ̀," Ìyá Agbẹ̀bí wí. "Ọjọ́ tí mo gbẹ̀bí rẹ, ẹsẹ̀ lo fi jáde. Láti ìgbà yẹn ni o ò ti fẹ́ tẹrí ba."

Kò sí ọ̀nà míì. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ti orí wọ abẹ́ síárìn. Fààà! Kóòtù là láti ẹ̀yìn ọrùn dé ìbàdí, ó pín sí méjì, ó sì bọ́ sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì.

"Mo sọ fún un," Télọ̀ wí.

Rọ́bà dókítà ti bọ́ lọ́rùn rẹ̀. Ìyá Agbẹ̀bí mú un nílẹ̀, ó ki í sí etí, ó fi orí rẹ̀ lé ẹ̀yìn Ọ̀jọ̀gbọ́n tó wà níhòòhò. Ó dijú. Ó mi orí. Ó mí kanlẹ̀.

"Ó ṣì ń mí," ó wí. "Ẹ má tíì pe àwọn ẹbí."