Àbá Méjì fún Yàrá Ìkàwé

Ìyá Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ló ń tọ́jú yàrá ìkàwé àdúgbò. Alága àdúgbò, ẹni tí Ìyá Olùkọ́ kọ́ ní kíláàsì kẹrin nígbà kan rí, fẹ́ sọ yàrá náà di ọ́fíìsì ara rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ ní àfi kí ìwádìí fi hàn pé ó ju ìdajì ilé àdúgbò lọ tó fẹ́ kí á tì í, àti pé Ìyá Olùkọ́ ni yóò fọwọ́ sí àbá méjì tí ìwádìí yóò dán wò. Alága wọlé, ó tẹ́ ìwé kan sórí tábìlì.

“Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo ti bá yín kọ ọ́. Ẹ ṣáà fọwọ́ sí i.”

Ìyá Olùkọ́ fi awò sójú. “‘Àbá kìíní: gbogbo ẹni tí mo bi ló ní kí á tì í. Àbá kejì: ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, irọ́ ló ń pa.’ Ẹni mélòó lo bi?”

“Mẹ́wàá, mà. Àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló gbà.”

“Níbo lo ti rí wọn?”

“Nínú pálọ̀ mi. Ìyàwó mi, àwọn ọmọ mi márùn-ún, àti ayálégbé mi mẹ́rin.”

“Irínwó ilé ló wà ládùúgbò yìí. Àbá kì í sọ̀rọ̀ lórí kìkì ẹni tí a bi. Ọ̀rọ̀ gbogbo ilé ló ń sọ.” Ó fa ìlà pupa la ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. “Àbá kìíní nìyí: àwọn ilé tó fẹ́ kí á tì í kò ju ìdajì lọ. Ìkejì: wọ́n ju ìdajì lọ.”

“Tèmi ló yẹ kó ṣáájú, mà. Alága ni mí.”

“Àbá kìíní kì í ṣe àga iwájú níbi àpéjẹ. Òun ni a óò dì mú títí ẹ̀rí tó lágbára yóò fi dé. Ìwọ lo fẹ́ yí nǹkan padà, ìwọ ni kí o ru ẹrù ẹ̀rí.”

“Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ka ìdáhùn ná, ká wá kọ àbá tó bá a mu.”

“O ò tíì yí padà. Ní kíláàsì kẹrin, ẹ̀yìn ìwé lo ti máa ń jí ìdáhùn wò, ìdáhùn ìkẹfà ni wàá sì kọ sí ìkarùn-ún. Ẹni tó sọ òkò tán kó tó yan ẹyẹ, kò lè tàsé láé.”

Alága nu iwájú orí. “Tí ẹ̀rí ò bá wá tó ńkọ́?”

“Yàrá á wà bó ṣe wà. A ò ní sọ pé àdúgbò fẹ́ràn ìwé o. A ó kàn sọ pé o ò rí ẹ̀rí tó tó láti tì í.”

“Ipò tèmi ò ṣáà sí nínú ẹ̀.”

“Tìẹ wà nínú ìwé kejì.” Ó fa ìwé náà yọ lábẹ́ rẹ́jísítà àwọn tó ń yá ìwé.

Bí Alága ṣe ń kà á ni ohùn rẹ̀ ń wálẹ̀. “‘Àbá kìíní: àwọn ilé tó ṣì fẹ́ Alága yìí kò dín ní ìdajì. Àbá kejì: wọn kò tó ìdajì.’ Mà, ta ló kọ èyí? Mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé yìí.”

“Ìyàwó rẹ ni, nígbà tó wá dá ìwé padà lánàá. Ó ní ọ̀rọ̀ rẹ ti sú gbogbo ará ilé yín, ká má bi wọ́n rárá, kó má baà dà bí ẹni pé a rẹ́ ọ jẹ.”