Ìbéèrè Keje tí Àjọ Adóòlà Dáhùn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó tì mí yìí, ṣé ẹ tilẹ̀ mọ ibi tí àwọn àgbà ti rí òwe tí wọ́n ń pa pé ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ? Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe jẹ́ fún yín.

Obìnrin kan wà ní Ìdí-Òro, létí odò, Fadérera lorúkọ rẹ̀. Òun ni ọ̀gá Àjọ Adóòlà, àwọn tí ìjọba ní kí wọ́n máa yọ èèyàn nínú omi bí odò bá kún. Ara Fadérera kì í balẹ̀. Bí òjò bá ṣú lásán, á dìde, á lọ sójú fèrèsé, á padà wá jókòó, á tún dìde. Lọ́dún tó kọjá, odò ya wọ àdúgbò kan, ọpẹ́lọpẹ́ àwọn apẹja ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kú. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí òjò bẹ̀rẹ̀, ìjọba fi ìwé kan ránṣẹ́. Ìbéèrè méje ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí àjọ kọ̀ọ̀kan fi òótọ́ inú yẹ ara rẹ̀ wò, kó lè mọ ohun tí yóò múra sílẹ̀ dè. Àárọ̀ ni ìwé náà dé, wọ́n sì fẹ́ gba ìdáhùn kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ògúngbèmí akọ̀wé mú bírò. Ṣé ẹ ní ọkọ̀ ojú omi? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́? Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀wù ìléfòó ńkọ́? Ó pé. Okùn ńkọ́? Ó wà. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, wọ́n ti dáhùn mẹ́fà láì kúrò lórí àga, Ògúngbèmí sì ti fi fóònù sọ fún ìjọba pé ó ku ẹyọ kan.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká kọ bẹ́ẹ̀ ni sí èyí tó kù, ká lọ jẹun," ni Lásísì wí. Bàbá yìí ti fi ọdún méjìlélógún wa ọkọ̀ àjọ náà.

Àmọ́ ẹsẹ̀ Fadérera kò dúró lójú kan lábẹ́ tábìlì. Ó ka ìkeje sókè: "Ṣé gbogbo òṣìṣẹ́ yín ló lè lúwẹ̀ẹ́?"

Lásísì bẹ̀rẹ̀ sí wo òrùlé.

"Bàbá Lásísì, ẹ̀yin ni mò ń wò."

"Ọ̀gá, inú ọkọ̀ ni mo máa ń wà. Inú ọkọ̀ gbẹ."

Fadérera ti dé ẹnu ọ̀nà. "Ẹ jẹ́ ká lọ sódò."

Wọ́n wọ ẹ̀wù ìléfòó fún Lásísì, wọ́n ní kó rọra bọ́ síbi tí omi ti mu èèyàn dé ìbàdí. Ẹ̀wù náà ti lo ọdún mẹ́sàn-án nínú yàrá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí mu omi bíi gàrí, ó wúwo, ó sì ń wọ́ bàbá lọ síbi tó jìn. Fadérera ní kí wọ́n ju okùn. Ògúngbèmí ju okùn lóòótọ́, gbogbo rẹ̀ ló jù, kò di etí kankan mú. Fadérera sáré sídìí ọkọ̀, ó bá ṣéènì àti àgádágodo lára rẹ̀.

"Kọ́kọ́rọ́ dà?"

Ògúngbèmí nawọ́ sí àárín odò. "Ó wà lápò Bàbá Lásísì."

Ni Fadérera bá bọ́ bàtà, ó bẹ́ sómi. Ó mọ odò wẹ̀, ṣùgbọ́n Lásísì dì mọ́ ọn lọ́rùn, àwọn méjèèjì sì ń rì lọ. Obìnrin kan tó ń fọ ẹ̀gẹ́ nítòsí ló na ọ̀pá gígùn sí wọn, tó fi fà wọ́n gòkè.

"Ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ kí lẹ̀ ń ṣe?" obìnrin náà bi wọ́n.

"Àwa ni Àjọ Adóòlà," Fadérera fèsì, kò lè gbójú sókè.

Obìnrin náà wò wọ́n látòkè délẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o," ló wí, ó padà sídìí ẹ̀gẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n padà dé ọ́fíìsì, omi ń kán lára wọn, Fadérera fa ìwé àkọ́kọ́ ya. "Látorí ìkíní," ló wí. "A ó fọwọ́ kan nǹkan ká tó dáhùn." Wọ́n kọ ohun tí àjọ nílò sílẹ̀: wọ́n kọ kọ́kọ́rọ́ kejì, wọ́n kọ ẹ̀wù tuntun, wọ́n kọ ẹni tí yóò di etí okùn mú, wọ́n kọ ẹni tí yóò kọ́ Lásísì ní ìlúwẹ̀ẹ́, wọ́n kọ owó oṣù fún ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ kó wá kọ́ wọn bí a ṣe ń fi ọ̀pá yọ èèyàn nínú omi. Ìwé tán, bírò gbẹ, aago mẹ́rin kọjá.

Wọ́n fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìjọba. Kò pẹ́ tí fóònù fi dún, òṣìṣẹ́ ìjọba ni. "Arábìnrin, ìbéèrè méje péré la bi yín. Ìdáhùn mẹ́fà lẹ ní ẹ ti parí láàárọ̀. Kí lẹ̀ ń fi ojú ewé ogójì ṣe?"

Fadérera wo Lásísì tó ń gbọ̀n nínú aṣọ tábìlì tí wọ́n fi bò ó.

"Ẹ má bínú, sà," ló wí. "Ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ."