Eérú Tí Mo Pè Ní Májèlé

Ẹ bá mi kan sáárá sí ẹni tó máa ń kọ́kọ́ gbé ìròyìn sórí Wásáàpù! Ọba ni. Kí ará ilé tó jí, ó ti kìlọ̀ fún gbogbo ayé. Èmi ni ọba náà, títí di ọjọ́ kan tí kò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé.

Ẹnì kan fi àwòrán iṣu ránṣẹ́ sí mi. Nǹkan funfun kan bí ìyẹ̀fun wà lójú ibi tí àdá ti gé e. Wọ́n ní májèlé ni. Èmi, odidi ẹni tó gboyè ní yunifásítì, mo fi í sójú ẹgbẹ́ àwa ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí. Kó lè wọ̀ wọ́n létí dáadáa, mo fi gbólóhùn kan kún un: "Mo fojú ara mi rí i lọ́jà wa." Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà o.

Lọ́jọ́ kejì, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan kà á lórí rédíò. Mo fò sókè. "Ṣé ẹ gbọ́? Rédíò náà ti sọ ọ́!" Mo ti gbàgbé pé ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni mò ń gbọ́.

Nígbà tó di ọjọ́ ọjà, àbúrò ìyá mi tó ń ta iṣu pè mí. Ó ń sunkún.

"Kò séèyàn kan tó ra uṣu mi! Wọ́n ní májèlé ni mo fi kùn ún. Eérú ààrò mi rèé!"

Eérú tí a fi ń kun ojú ọgbẹ́ iṣu kó má baà rà! Ní kékeré, èmi gan-an ni mo máa ń bá a kùn ún.

Mo gun ọ̀kadà, ó di ilé iṣẹ́ rédíò. Mo jágbe mọ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ náà: "Kí ló dé tí ẹ ò wádìí?"

Àṣé ọmọ ìlú wa ni, ó wà nínú ẹgbẹ́ náà. Ó na fóònù sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ní ẹ fojú ara yín rí i. Mo rò pé ẹ̀yin tí ẹ kàwé kì í purọ́."

Ó tún un ṣe lórí rédíò lọ́jọ́ náà, èmi náà tọrọ àforíjì nínú ẹgbẹ́. Ìyẹn ò tàn ká rárá. Àwọn oníbàárà àǹtí mi ti wá ibòmíràn gbà.

Mo lọ bẹ̀ ẹ́. Ó gún ọ̀kan nínú iṣu náà, ó gbé iyán síwájú mi.

"Jẹ májèlé. Tóo bá kú, kóo yára gbé e sórí fóònù."

Mo rẹ́rìn-ín, mo bu òkèlè. Rédíò jẹ̀bi, kò wádìí. Ṣùgbọ́n èmi náà ṣe é, èmi ni mo sì kọ́kọ́ ṣe é.