Bí Kíámọ́sá Ṣe Gbé Póìǹtì Rẹ̀ Fún Bàbá Ìyàwó Rẹ̀

Pàà!

Iná kámẹ́rà ojú títì kọ yànràn sẹ́yìn ọkọ̀ búrẹ́dì. Kí àbúrò mi tó rántí pé ọkọ̀ ní bíréèkì, ó ti ré iná pupa kọjá bí ẹni tí ajá ń lé.

Kíámọ́sá là ń pè é. Ilé iṣẹ́ búrẹ́dì kan ló ń wakọ̀ fún. Bí ẹ bá jókòó tì í nínú ọkọ̀, gbogbo àdúrà tí ẹ ti gbàgbé láti kékeré ló máa padà sí yín lẹ́nu. Mo jókòó tì í rí. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ tí mo dé yàrá mi, ẹsẹ̀ mi ṣì ń wá bíréèkì nílẹ̀.

Ẹ kúkú mọ̀ pé ìjọba kì í fúnni ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́. Omi, owó ni. Iná, owó ni. Ṣùgbọ́n póìǹtì ẹ̀ṣẹ̀ ojú títì? Háà, wọ́n lawọ́ níbẹ̀! Ẹ sáré jù, ẹ gba mẹ́ta. Ẹ gbé fóònù sétí, ẹ gba méjì. Ẹ ré iná pupa kọjá, ẹ gba mẹ́ta mìíràn, ẹ ṣeun. Bó bá ti pé méjìlá lórí láísẹ́ǹsì yín, wọ́n á gbà á, wọ́n á ní kí ẹ lọ máa fẹsẹ̀ rìn.

Kíámọ́sá ti ní mẹ́sàn-án tẹ́lẹ̀.

Mẹ́sàn-án, pẹ̀lú mẹ́ta ti iná pupa yìí.

Iṣẹ́ ti lọ nìyẹn! Awakọ̀ búrẹ́dì tí kò ní láísẹ́ǹsì, kí ló tún fẹ́ wà? Ìjókòó?

Ohun kan ló fún un nírètí. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni kámẹ́rà yà, kò rí ojú awakọ̀. Àwọn tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ojú títì wá ránṣẹ́ pé kí ẹni tó wa ọkọ̀ náà wá fara hàn ní ọ́fíìsì wọn. Ni Kíámọ́sá bá ní òun máa wá ẹni tó máa fara hàn dípò òun.

Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ bá. Ìyàwó ń lọ aṣọ lọ́wọ́.

"Ìyàwó mi àtàtà, ìwọ náà ní láísẹ́ǹsì. Kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Mẹ́ta péré ni mo ní kó o bá mi gbé."

Ìyàwó kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Láísẹ́ǹsì mi kì í ṣe ààtàn. Gbé ìdọ̀tí rẹ lọ síbòmíràn."

"Ṣé kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi ni?"

"Ẹsẹ̀ tó o fi tẹ ọkọ̀ ni kó o lọ bi."

Ó wá ku bàbá ìyàwó rẹ̀, tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn ilé wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Bàbá yìí jẹ́. Bí ẹ bá ní òjò ń rọ̀, á jáde láìmú agboòrùn, á ní irọ́ lẹ pa, omi á sì máa kán nírùngbọ̀n rẹ̀. Ọkọ̀ tirẹ̀ wà nínú ọgbà lórí bíríkì, kò ní táyà, adìẹ ló ń yé sí ìjókòó ẹ̀yìn. Ojú rẹ̀ náà ti di bàìbàì, ṣùgbọ́n ẹ má dán an wò kí ẹ sọ ọ́ létí rẹ̀. Ó ní ojú òun kò ṣe nǹkan kan, ayé ló ṣú.

Kíámọ́sá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Èmi dúró lẹ́yìn rẹ̀ láti bá a bẹ̀bẹ̀.

"Bàbá, ẹ gbà mí o. Ẹ ṣáà bá mi sọ pé ẹ̀yin lẹ wa ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn."

Bàbá fò dìde. "Èmi? Láísẹ́ǹsì tèmi mọ́ tónítóní! Láti ọdún gbọọrọ, àbàwọ́n kan ò kàn án!"

Báwo ló ṣe fẹ́ kàn án? Ṣé adìẹ máa ń ré iná pupa kọjá ni?

Mo fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Láéláé!" ni Bàbá wí. "Kò lè ṣẹlẹ̀!"

Ni ìyàwó Kíámọ́sá bá yọrí lójú fèrèsé. "Ẹ ṣeun, Bàbá mi! Ẹ má dá a lóhùn o!"

Bàbá rọra yí ọrùn sí fèrèsé.

"Ta lò ń pàṣẹ fún?"

"Bàbá, mo kàn ní kí ẹ má..."

"Ṣé ìwọ lo bí mi ni? Kíámọ́sá, dìde ńlẹ̀. Èmi ni mo wa ọkọ̀ náà. Ọjọ́ yòówù kó jẹ́, èmi ni mo wà á!"

Yéè! Mo sáré lọ ẹ̀yìn ilé lọ rín tèmi.

Nígbà tó di ọjọ́ tí wọ́n dá, àwa mẹ́ta dé ọ́fíìsì. Yàrá kékeré ni. Bẹ́ǹṣì kan wà níbẹ̀ tí àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ bíi tiwa kún orí rẹ̀, tábìlì kan, ọ̀gá obìnrin kan tó jókòó sídìí tábìlì, àti fáànù gíga kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń yí sọ́tùn-ún, tó ń yí sósì.

Kíámọ́sá ti kọ́ Bàbá lẹ́kọ̀ọ́ láti ilé: ẹ wọlé, ẹ kí ọ̀gá, ẹ jẹ́wọ́, ẹ dákẹ́.

Bàbá wọlé. Ó ṣí fìlà. Ó kọjú sí fáànù.

"Ẹ káàárọ̀ o, ọ̀gá."

Fáànù yí sọ́tùn-ún.

"Èmi ni mo wa ọkọ̀ búrẹ́dì náà."

Fáànù yí sósì.

"Kí lẹ ń mirí fún? Ẹ ò gbà mí gbọ́ ni?"

Fùùùù! Fáànù fẹ́ atẹ́gùn lù ú lójú.

"Ẹ tún wá ń fẹnu fẹ́ mi lójú! Àgbàlagbà bíi tèmi!"

Ọkùnrin kan jábọ́ lórí bẹ́ǹṣì, gbìì! Ẹ̀rín gbé mi, mo bu fìlà mi jẹ.

Ọ̀gá obìnrin náà ní, "Bàbá, fáànù nìyẹn. Èmi rèé."

Ṣé ẹ rò pé ojú ti Bàbá? Ó yí padà wọ́ọ́rọ́wọ́. "Mo mọ̀," ó ní. "Òun ló wà lórí ìdúró, òun ni mo kọ́kọ́ kí."

Ọ̀gá náà na ọwọ́ sókè.

"Bàbá, ìka mélòó nìyí?"

"Ìka wo?"

Ó ti tán!

"Bàbá, póìǹtì mẹ́ta ni ti iná pupa. Ti pé ẹ wakọ̀ láìríran, mo gba láísẹ́ǹsì yín fún ọdún kan gbáko."

Kíámọ́sá mí kanlẹ̀. Ó rò pé òun ti bọ́. "Ọ̀gá, ẹ ṣeun o. Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Dúró ńbẹ̀. Ta ló fún Bàbá ní kọ́kọ́rọ́?"

Kíámọ́sá rọra nawọ́ sókè, ọ̀gá sì ṣí fáìlì rẹ̀.

"Ọkọ̀ tí wọ́n fi síkàáwọ́ rẹ, o gbé e fún ẹni tí ò ríran. Póìǹtì mẹ́rin. Mẹ́sàn-án ti wà nílẹ̀, ó di mẹ́tàlá. Lọ sinmi fóṣù mẹ́fà."

"Mo kú o! Ọ̀gá, irọ́ la pa! Èmi gan-an ni mo wà á!"

"Òo. Ìwọ lo ré iná pupa kọjá?"

"Èmi ni, mà! Èmi nìkan ni!"

"Ìyẹn jẹ́ mẹ́ta. Méjìlá. Oṣù mẹ́fà náà ni." Ó gbé bírò sókè. "Èwo ni kí n kọ?"

Ẹ wo àánú! Wọ́n ní kó mú èyí tó wù ú.

Kó tó dáhùn, Bàbá ti fọ̀pá lu ilẹ̀, kòó! "Ta lò ń pè ní òpùrọ́? Èmi ni mo wà á!"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dákẹ́, èmi ni!"

"Ìwọ tí wọ́n bí lánàá yìí! O fẹ́ gba ẹ̀ṣẹ̀ mi mọ́ mi lọ́wọ́?"

Ọ̀gá náà kọjú sí mi. "Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ sọ pé ẹ̀yin lẹ wà á? Ẹ ní láísẹ́ǹsì?"

"Èmi kẹ̀? Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn, mà. Ẹsẹ̀ ni bàbá mi náà fi rìn."

Ó kọ ti Bàbá, nítorí Bàbá ló pariwo jù. Ó kó láísẹ́ǹsì méjèèjì sínú àpótí tábìlì, ó tì í. Gbàgà!

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé búrẹ́dì, Kíámọ́sá sunkún, ó kúnlẹ̀, ó ní kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí iṣẹ́ náà dúró de òun títí oṣù mẹ́fà á fi pé.

"Kí búrẹ́dì lọ dúró síbo?" ni ọ̀gá bi í. "Ta ló kù nílé rẹ tó ní láísẹ́ǹsì?"

"Ìyàwó mi ni." Ó já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde.

"Kó bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Ìwọ á máa bá a gbé páálí sọ̀kalẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, ṣé ẹ rò pé mo sùn pẹ́? Mo ti débẹ̀ kí oòrùn tó yọ. Ìyàwó ti wà ní ìjókòó awakọ̀, ó wé gèlè gírígírí, ó ń tún dígí ṣe. Kíámọ́sá fajúro, ó lọ ṣí ilẹ̀kùn iwájú lápá kejì.

Bàbá ti wà níbẹ̀, ó fi ọ̀pá sáàárín orúnkún.

"Bàbá, níbo lẹ ń lọ?"

"Mo fẹ́ máa bá ọmọ mi wo ọ̀nà."

Pẹ̀lú ojú wo?

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sílẹ̀. Èmi ló yẹ kí n jókòó síbẹ̀."

"Lọ sẹ́yìn. Àwọn tí wọ́n gba láísẹ́ǹsì wọn, ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń wà."

"Bàbá! Wọ́n gba tiyín náà!"

"Ìwọ, oṣù mélòó ni wọ́n fún ẹ?"

"Mẹ́fà."

"Èmi ńkọ́?"

"Ọdún kan."

"Ta wá ni àgbà nínú wa?"

Kíámọ́sá wò mí bóyá màá gbà á sílẹ̀. Mo wo ojú ọ̀run. Ó rọra ti ilẹ̀kùn, ó lọ sẹ́yìn, ó sì ní kí búrẹ́dì sún fún òun.