Obìnrin Tó Ń Sunkún Lára Èèpo Ìwé

Bí mo bá tiẹ̀ gbàgbé ọjọ́ ìgbéyàwó mi, ọjọ́ kan wà tí kò lè jáde lọ́kàn mi láéláé: ọjọ́ tí mo pariwo mọ́ ọ̀gá mi nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ní Odò-Ọwá, níwájú Alága káńsù, nítorí àwòrán ara èèpo ìwé kan. Ẹ rọra kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Ìlọ́fà ni mò ń gbé nígbà náà. Kò pẹ́ tí wọ́n dá ìjọba ìbílẹ̀ wa sílẹ̀, ọ̀dà ara ògiri káńsù ò tíì gbẹ dáadáa, èmi náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Wọ́n fi mí sí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́, lábẹ́ Ọ̀gá Adébọ̀wálé. Ọkùnrin yìí mọ bàtà á nù ju bó ṣe mọ iṣẹ́ lọ. Ohunkóhun tí kò bá ti yé e, á ní àṣírí ìjọba ni.

Páálí ìwé Yorùbá kan ló dé láti Ìlọrin, wọ́n fi ta ilé ìkàwé wa lọ́rẹ. Àwọn tó fi ránṣẹ́ ní kí àwọn afọ́jú àgbègbè wa yan ìwé kan nínú wọn, àwọn yóò ka ìwé náà sínú kásẹ́ẹ̀tì fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n báwo ni ẹni tí kò ríran ṣe máa yan ìwé? Àwa tá a ríran, èèpo ìwé la kọ́kọ́ máa ń wò kó tó wù wá rà. Nítorí náà, wọ́n ní kí káńsù wá ẹnìkan tó máa júwe àwòrán ara èèpo ìwé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kó kà á fún wọn, kí àwọn náà lè fi etí wo ohun tá à ń fi ojú wò.

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ mi nínú. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n ṣe é." Ó ní kò burú. Mo nawọ́ sí páálí. Ó gbá ọwọ́ mi dànù.

"Kí lo fẹ́ mú níbẹ̀?"

"Ìwé ni, sà. Kí n lè wo àwòrán rẹ̀."

"Ìwé tí Alága ò tíì ṣí? Ṣé ìwọ lo máa kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án ni?"

Ó kó gbogbo ìwé náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó tì í pa, ó ju kọ́kọ́rọ́ sápò. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó kó fọ́tókọ́pì èèpo wọn lé mi lọ́wọ́. Ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì káńsù wa nígbà yẹn, bí ẹ bá fi àwòrán ìyàwó oníṣọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, èédú ló máa gbé jáde. Òkè ìwé kan gé, ìsàlẹ̀ òmíràn ṣú bí òru. Mo jókòó, mo gbé bébà súnmọ́ fèrèsé, mo fà á sẹ́yìn, mo dojú rẹ̀ dé. Iṣẹ́ afọ́jú ni wọ́n ní kí n bá wọn ṣe, àfi bí ẹni pé wọ́n fẹ́ kí n kọ́kọ́ fọ́jú ná.

Èyí tí mo kọ́kọ́ júwe, mo kọ ọ́ pé, "Itẹ́ òkú ńlá kan, sàréè tò lọ rẹrẹ, ọkùnrin kan dúró láàárín wọn, ó ń ronú." Ọ̀gá kà á, ó fò dìde.

"Sàréè! Ìwé iṣu gbíngbìn ni! Ebè lèyí, ìwọ ọmọbìnrin yìí! Àbí o ò rí ebè rí?"

"Ọ̀gá, dúdú ló jẹ́ fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rí ìwé gan-an, bó ṣe ìṣẹ́jú kan péré."

"Ojú ẹ ni kó o là. Afọ́jú ni wọ́n máa kà á fún, kí ni wọ́n máa fi já ẹ nírọ́?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ká mi lára. Inú bí mi débi pé mo búra pé mi ò ní tọrọ ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Ohun mìíràn tún wà tó ń bí mi nínú lásìkò yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ sá wá bá mi láti ilé ọkọ rẹ̀ ní Osí, ojú rẹ̀ kan wú, kò lè là á dáadáa. Yàrá kan ṣoṣo tí mo ní la jọ ń gbé. Kì í sọ̀rọ̀. Ó kàn máa ń jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, á kọjú sí ògiri. Àárọ̀ tí mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ ni mo mú bébà tó kù, mo rí obìnrin kan níbẹ̀. Ó mú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Omijé wà lójú rẹ̀, ìyẹn hàn kedere. Ọkùnrin kan dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó la ẹnu gbàgà, ó gbé igi kan sókè. Lókè ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé *Ohun Tí Ń Mú Ọkọ Wálé*. Ìyókù àkọlé ti bá dúdú lọ.

Ara mi gbóná. Mo fa bírò yọ. "Obìnrin kan rèé," mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, "omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ dé, ó la ẹnu ń bú u, ó gbé kùmọ̀ sókè láti là á mọ́ ọn lórí. Ìyà ti tó obìnrin yìí. Lónìí, ẹnìkan ni yóò kú." Ẹnìkan ni yóò kú! Ta ló sọ fún mi? Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, mo kà á lẹ́ẹ̀kejì, orí mi wú. Ọ̀gá ò tilẹ̀ wò ó, ó ní kí n lọ kà á fún wọn.

Òjò ti ba ọ̀nà Odò-Ọwá jẹ́. Ọ̀kadà tí mo gùn rì sínú ẹrẹ̀, èmi náà bá a rì. Nígbà tí mo dé gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn tí kò ríran ti ń pàdé, mo ń dúpẹ́ lọ́kàn mi pé ó kéré tán, wọn ò ní rí bí mo ṣe rí.

"Ta ló gbé ẹrẹ̀ wọlé?" Bàbá Hẹ́dímásítà ló bẹ̀rẹ̀. Olórí wọn ni, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìntì kí àìsàn tó mú ojú rẹ̀ lọ. Ó ti na gbogbo ìlú lẹ́gba nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́.

Mo bẹ̀ ẹ́, mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Mo ka ti ebè, kò wù wọ́n. Mo ka ti ẹyẹ tó wà lára ìwé mìíràn, ìyẹn náà ò wù wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka ti obìnrin tó ń sunkún, gbogbo wọn yíjú sọ́dọ̀ mi. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Rúùtù bú sẹ́kún. Ọkọ rẹ̀ ló lé e jáde nígbà tí ojú rẹ̀ lọ.

"Ulé ọkọ!" ó ń wí lédè ibẹ̀. "Irú ulé ọkọ témi náà gbé nùn-ún. Ìwé mi nìyẹn. Ẹ jẹ́ a mọ ibi tí ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn já sí."

Wọn ò dìbò, wọn ò jiyàn. Bàbá Hẹ́dímásítà ní ìwé náà ni àwọn yàn. Èmi náà ń nu ojú mi bí mo ṣe ń padà sílé. Mo rò pé mo ti ṣe ohun ńlá kan láyé.

Kásẹ́ẹ̀tì dé láti Ìlọrin lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, wọ́n fi rọ́bà dì í pa. Mo ní kí a gbọ́ ọ wò ná. Ọ̀gá ní, "Alága ò tíì ṣí i."

Lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀, gbọ̀ngàn kún. Alága wà lórí àga ìrọ̀rí, páálí ìwé wà níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ríbọ́ọ̀nù pupa lára. Ìyá Rúùtù jókòó níwájú gan-an, ó wọ aṣọ ìjọsìn rẹ̀. Ọ̀gá mi sọ̀rọ̀ gígùn lórí bí òun ṣe fi ọwọ́ ara òun ṣe ètò náà látòkè délẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ki kásẹ́ẹ̀tì bọ inú rédíò, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ohùn ọkùnrin kan bí ohùn àwọn tó ń ka ìròyìn jáde.

"Orí kìíní. Ẹ mú àlùbọ́sà ńlá kan. Ẹ mú ọ̀bẹ tó mú."

"Ó ti mú ọ̀bẹ," ẹnìkan sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́yìn mi.

"Ẹ gé e wẹ́wẹ́. Bí ojú bá ń ta yín, ẹ má bẹ̀rù."

"Ẹkún ló ń sun yẹn. Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀."

"Ẹ gbé ìkòkò kaná. Ẹ da epo sí i, ẹ jẹ́ kó gbóná dáadáa."

"Yéè!" Ìyá Rúùtù dìde. "Ó fẹ́ da epo gbígbóná lé e lórí!"

"Ẹ fọ ẹja gbígbẹ yín mọ́, kí ẹ yọ egungun inú rẹ̀ kúrò."

Bàbá Hẹ́dímásítà gbé orí sókè díẹ̀díẹ̀. "Ẹja?" ó ní. "Ẹja kí ni?"

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn akọrin, ó dé ọ̀dọ̀ pásítọ̀. Àwọn tó ríran ló ń rẹ́rìn-ín o. Ìyá Rúùtù ò rẹ́rìn-ín. Ó kàn dúró síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń wá àga tó fẹ́ fi jókòó. Alága yíjú sí Ọ̀gá mi, ó ní kí ló ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá mi na ìka sí mi.

"Ọmọbìnrin yìí ni, sà. Òun ló kọ ọ́. Mo gbé ìwé fún un, ó sọ fún mi pé òun kà á tán."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, bí ìbínú bá ń gun orí ènìyàn bí ìbà, tèmi gùn lọ́jọ́ yẹn. "Irọ́ ni!" mo kígbe. "Irọ́ gbáà ni! Kọ́kọ́rọ́ ń bẹ nínú àpò rẹ̀!" Mo fa fọ́tókọ́pì yọ nínú báàgì mi, mo sáré tọ Alága lọ, mo ń jù ú níwájú rẹ̀. Gèlè mi bọ́. Ẹsẹ̀ mi kọ́ wáyà, rédíò já bọ́ lórí tábìlì, ó ń sọ láti ilẹ̀ pé, "Ẹ tọ́ iyọ̀ rẹ̀ wò." Mo ní, "Ẹ wò ó, sà! Ẹ̀yin tí ojú yín là, kí lẹ rí níbẹ̀?" Alága yí bébà náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. "Ṣé ẹkùn ni?" ó béèrè.

Ọ̀pá Bàbá Hẹ́dímásítà ló dún mọ́lẹ̀.

"Débọ̀."

Ọ̀gá mi nà ró ṣánṣán. Mi ò mọ̀ pé bàbá yìí ló kọ́ ọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. "Sà," ó ní.

"Gbé ìwé náà fún ọmọ yẹn. Báyìí."

Wọn ò dúró de ríbọ́ọ̀nù mọ́. Ọ̀gá mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa páálí ya. Bàbá ní, "Ìwọ ọmọ, mi ò fẹ́ ohun tó o rò. Mi ò fẹ́ ohun tó ń dùn ọ́. Sọ ohun tó wà níbẹ̀."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí ìwé náà. Aláwọ̀ mèremère ni, ìyókù àkọlé rẹ̀ sì fi hàn pé ìwé ọbẹ̀ sísè ni. Mo ní, "Obìnrin kan rèé nínú ilé ìdáná. Aṣọ rẹ̀ pupa. Ó ń gé àlùbọ́sà, omi wà lójú rẹ̀. Ọkùnrin kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé orógùn sókè, ọbẹ̀ wà lórí rẹ̀, ó fẹ́ tọ́ ọ wò."

"Ẹnu ọkùnrin yẹn ń kọ́?" Ìyá Rúùtù ló béèrè.

"Ó la ẹnu, mà. Ẹ̀rín ló ń rín."

"Obìnrin yẹn ń kọ́?"

Mo wò ó dáadáa. "Òun náà ń rẹ́rìn-ín, mà."

Mo rò pé ó máa ṣépè fún mi. Ṣùgbọ́n ó jókòó, ó tún ìró rẹ̀ ṣe. "Ẹ jẹ́ a gbọ́ ọbẹ̀ yẹn," ó ní. "Èyí tó o kọ́kọ́ kà fún wa yẹn, mo ti gbé inú rẹ̀ rí. Èyí ni mi ò mọ̀."

Wọ́n gbé rédíò nílẹ̀, wọ́n sì gbọ́ ọ dé òpin.

Nígbà tí mo délé, mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi, láti orí sàréè dé orí ẹja. Ẹ̀gbọ́n mi tí kò tíì sọ ju "káàárọ̀" lọ láti ọjọ́ tó ti dé bú sẹ́rìn-ín, ó di ojú rẹ̀ tó ti wú rí mú, ó ń pariwo pé mo fẹ́ pa òun. Mo kọ́kọ́ bínú sí i. Nígbà tó yá, èmi náà bá a rín in.

Kúẹ́rì ló tẹ̀lé e, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá mi kọ ọ́ pé mo fi ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ tàbùkù ìjọba, lójú afọ́jú. Lójú afọ́jú! Mo fèsì, wọ́n dá mi lóhùn pé kí n ṣọ́ra. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Ìyá Rúùtù se ọbẹ̀ inú kásẹ́ẹ̀tì náà, ó fi rán ọlọ́kadà kan sí mi. Mi ò sí lórí ìjókòó nígbà tó dé. Ohun tí mo bá lórí tábìlì mi ni abọ́ tí wọ́n ti fi búrẹ́dì nù mọ́ tónítóní, Ọ̀gá Adébọ̀wálé sì wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ tó ń fi igi tayín. Ó ní iyọ̀ rẹ̀ pé.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ìbínú lójú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ará ilé rẹ̀ nìkan ló ń rí; ẹ̀gbọ́n mi ni tèmi rí lára èèpo ìwé yẹn. Láti ìgbà yẹn, bí wọ́n bá ní kí n júwe nǹkan fún ẹni tí kò rí i, mo máa ń sọ ohun tó wà níbẹ̀, mo sì ń pa ẹnu mi mọ́. Ní ti ọbẹ̀ yẹn, mi ò tíì dárí ji Ọ̀gá. Mo ń rẹ́rìn-ín o, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tí mò ń rín yìí, ebi ṣì ń pa á.