Ẹyin Awó Tó Sọ Abúlé Lórúkọ

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́? Ẹ má tíì nawọ́. Mo mọ̀ pé òwe náà wà lẹ́nu yín. Ìdí rẹ̀ ni mo ń béèrè.

Ọdẹ kan wà tó ń jẹ́ Ọdẹ́túndé. Òun àti Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, ló kọ́kọ́ pàgọ́ sí etí odò kan. Àwọn mìíràn wá bá wọn, ilé ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kò tíì lórúkọ. Láyé ìgbà náà, ọba ló ń rán ìránṣẹ́ wá béèrè orúkọ abúlé tuntun. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ìránṣẹ́ náà kì í béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó bá kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹni tó tẹ ibẹ̀ dó, òun ni orúkọ.

Ọdẹ́túndé fẹ́ kó máa jẹ́ Abà Ọdẹ́túndé. Nílé baba rẹ̀, "àbúrò Ògúnṣọlá" ni wọ́n ń pè é títí irun rẹ̀ fi ń funfun. Ó wù ú kí ayé pe orúkọ tirẹ̀ náà. Ojoojúmọ́ ló ń kọ́ ẹnu rẹ̀. Ewúrẹ́ ilé pàápàá ti mọ ìdáhùn náà.

Ọjọ́ pé. Ọdẹ́túndé gbé igbá ẹyin awó tó ṣà fún ọba dání.

"Baálé mi," ni Àwẹ̀ró wí, "ẹ gbé igbá yẹn lé àpótí kí ẹ tó kí àlejò."

"Ẹbùn ọba kì í kúrò lọ́wọ́ ẹni."

"Ó dáa. Ṣé ẹ ó sì dọ̀bálẹ̀?"

"Ìwọ náà, ta ni kì í dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tí ọba rán?"

Àwẹ̀ró wo igbá, ó wo ọkọ rẹ̀.

Ìránṣẹ́ dé. Ọdẹ́túndé na gbalaja. Igbá ṣáájú rẹ̀ délẹ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni ìránṣẹ́ béèrè pé, "Kí ni orúkọ ibí yìí?"

"Ó ti fọ́," ni Ọdẹ́túndé wí, ojú rẹ̀ wà nínú ẹyin.

"Ótifọ́," ni ìránṣẹ́ tún un pè. "Mo gbọ́."

"Rárá o, ẹyin ni mò ń wí."

"Ótifọ́ Ẹlẹ́yin."

"Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣì í sọ ni."

"Ótifọ́ Ẹlẹ́yin Aṣìsọ. Orúkọ yìí mà ti ń gùn, bàbá."

Àwẹ̀ró fọwọ́ bo ọkọ rẹ̀ lẹ́nu kó má baà di oríkì.

Lọ́jọ́ kejì, Ọdẹ́túndé lọ sí ààfin, ó bẹ ọba pé kó bá òun dá ọ̀rọ̀ náà padà.

"Kò burú," ni ọba wí. "Lọ kó ẹyin mi padà sínú èèpo wọn, kí o gbé wọn wá. Èmi náà yóò kó ọ̀rọ̀ rẹ padà sí ọ lẹ́nu."

Ọdẹ́túndé ronú lọ, ó ronú bọ̀, ó dúpẹ́, ó relé. Àánú kan ṣoṣo tí ọba ṣe é ni pé ó gé Ẹlẹ́yin Aṣìsọ kúrò.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo arìnrìn-àjò tó bá gbọ́ Ótifọ́ ló ń béèrè pé, "Ta ló fọ́ ọ?" Gbogbo abúlé a sì dáhùn pé, "Ọdẹ́túndé ni." Kò tún sẹ́ni tó pè é ní àbúrò Ògúnṣọlá mọ́. Ògúnṣọlá ló wá di ẹ̀gbọ́n ẹni tó fọ́ ẹyin ọba.

Nítorí náà, ẹ gbé igbá sílẹ̀ kí ẹ tó dọ̀bálẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.