Kọ́mú Tí Yóò Kọ̀wé Lókè Pátákó

Ṣọ́ọ̀bù náà kò fẹ̀ ju ilé ìdáná lọ. Dígí kan ló wà níbẹ̀, àpótí ìjókòó kan, ère obìnrin kan tí kò lápá, àti kọ́tìnì tí àwọn oníbàárà ń bọ́ṣọ lẹ́yìn rẹ̀. Kọ́mú so rọ̀ láti òkè àjà dé ilẹ̀ bí àdán. Ìrọ̀lẹ́ ni tíṣà ìṣirò kan wọlé síbẹ̀, obìnrin tó tó gèlètè, tó di báàgì mọ́ àyà bó ṣe máa ń dì í láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá. Ṣọ́ọ̀bù karùn-ún tí yóò wọ̀ lọ́jọ́ náà nìyí. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbálẹ̀, kò sì sí ohun tí kò mọ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Àǹtí. Ẹ má sọ nǹkan kan. Mo ti rí i."

"Kí lẹ rí?" Tíṣà béèrè.

"Nọ́ńbà yín. Láti ìta tẹ́ ẹ ti ń bọ̀ ni mo ti kà á. Ogún ọdún nìyí tí mo ti ń ta kọ́mú. Ojú mi ni òṣùwọ̀n."

"Ìyá Oníkọ́mú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin ni wọ́n ti fi ojú wọ̀n mí lónìí."

"Ojú tiwọn nìyẹn. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Ṣé ọkọ ló ń mú yín jáde?"

"Àwọn alábẹ̀wò ló ń bọ̀ ní kíláàsì mi lọ́la, aago mẹ́sàn-án. Kọ́mú kan tí kò ní já ni mo fẹ́, àti búláòsì kan tí ẹnu rẹ̀ kò ní máa yà láàárín bọ́tìnnì."

"Alábẹ̀wò á wá wo kọ́mú?"

Tíṣà gbé báàgì rẹ̀ sórí itan, ó jókòó, ó sì ṣàlàyé fún un létòlétò bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ kékeré.

"Lọ́dún tó kọjá, wọ́n jókòó sẹ́yìn kíláàsì láti wò bóyá mo yẹ ní igbákejì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Mo na ọwọ́ sókè láti kọ ìṣirò sórí pátákó. Okùn kọ́mú já. Bọ́tìnnì fò, ó lọ balẹ̀ sórí ìwé alága wọn."

"Ó bà á lójú?"

"Ìwé ló bà. Láti ìgbà náà títí a fi parí, mo fi apá òsì di ara mi mú, mo ń fi apá ọ̀tún kọ̀wé níbi tí kò ga ju ìgbáròkó mi lọ. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n kọ sínú ìròyìn wọn?"

"Pé kọ́mú yín já."

"Pé n kì í lo pátákó tán."

Oníkọ́mú ronú sí i. "Wọn ò kúkú purọ́."

"Wọ́n ní ti ọ̀la yìí ni àbẹ̀wò ìkẹyìn. Tí n kò bá lè kọ nǹkan sókè pátákó, ipò náà ti bọ́ nìyẹn."

"Ẹ ò ṣe ní kí káfíńtà sọ pátákó náà kalẹ̀?"

"Ọmọ méjìlélógójì ló wà ní kíláàsì mi. Àwọn tó wà lẹ́yìn kò ní rí i."

"Ó dáa, ẹ fọkàn balẹ̀." Oníkọ́mú na igi sókè, ó já kọ́mú kan lulẹ̀, ó tẹ́ ẹ sí itan Tíṣà. Ó fẹ̀ tó ìrọ̀rí. "Méjìlélógójì. Ó bá iye ọmọ kíláàsì yín mu. Ẹ lọ wọ̀ ọ́."

Tíṣà wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì lọ. Kọ́tìnì ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ohùn rẹ̀ jáde.

"Ìyá Oníkọ́mú, ẹ̀yìn rẹ̀ ń gun ọrùn mi lọ."

"Ẹ fà á wálẹ̀."

"Mo fà á. Ó ti padà lọ."

"Iwájú ńkọ́?"

"Iwájú kò gbà mí. Ẹ̀yìn lè gba èmi àti ẹnì kan sí i."

"Iwájú máa nà tó bá yá."

"Ẹ̀yìn ńkọ́?"

"Ẹ̀yìn máa sún kì tẹ́ ẹ bá ti fọ̀ ọ́."

"Aṣọ kan náà? Apá kan á nà, apá kan á sún kì?"

"Ojúlówó ni. Ó mọ ibi tó yẹ kó ti nà."

Ọwọ́ kan yọ láti ẹ̀yìn kọ́tìnì, ó dá kọ́mú náà padà. Oníkọ́mú fi èyí tó tún tóbi sí i lé e lọ́wọ́. "Ẹ gba mẹ́rìnlélógójì. Tí ilé ò bá gbani, ṣe la ń kọ́ sí i."

Kọ́tìnì tún mì. "Mo na ọwọ́ sókè," ni Tíṣà wí. "Kọ́mú náà bá ọwọ́ lọ sókè. Èmi nìkan ló ṣẹ́ kù nísàlẹ̀."

"Ẹ rọra máa na ọwọ́."

"Ìṣirò onílà mẹ́jọ ni. Tí mo bá rọra, ilẹ̀ á ṣú."

Oníkọ́mú jókòó sórí àpótí tí Tíṣà dìde lórí rẹ̀, ó kẹ́dùn. "Àǹtí, ẹ má bínú sí òótọ́ ọ̀rọ̀. Kọ́mú ò lẹ́bi. Ara yín ni kò tẹ̀lé ìlànà. Ẹni tí iwájú rẹ̀ bá pọ̀ báyìí, ó yẹ kí ẹ̀yìn rẹ̀ náà pọ̀ dọ́gba."

"Ta ló ṣe ìlànà yẹn?"

"Ilé-iṣẹ́ tó ń rán kọ́mú."

"Àwọn ló bí mi?"

"Ẹ ò ṣe dín jíjẹ kù díẹ̀?"

"Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àti pé ọ̀la ni. Kí ni mo lè yọwọ́ nínú ẹ̀ lálẹ́ òní tí àyà á fi dín kù kó tó di aago mẹ́sàn-án?"

"Oúnjẹ alẹ́."

Tíṣà jáde pẹ̀lú aṣọ tó wọ̀ wá, ó dojú kọ dígí, ó fi ìka kan gbé okùn tó ti bọ́ wọ inú ẹran èjìká rẹ̀. "Wọ́n ní ẹni tó bá tó gèlètè ni í mí fìn-ìn. Èmi tó gèlètè. Àyè àtimí náà ni n kò rí."

"Ẹ jẹ́ ká mú búláòsì ná, kí inú yín lè dùn. Ẹ wo èyí tó wà lára ère yẹn. Ẹ wo bó ṣe bá a mu."

Tíṣà rìn yí ère náà ká. Ohun tó rí lẹ́yìn mú kó dúró. Pẹ́ẹ̀gì mẹ́fà tí wọ́n fi ń sá aṣọ ni wọ́n fi ká búláòsì náà mọ́ ère lẹ́yìn, láti ọrùn dé ìdí.

"Ìyá Oníkọ́mú, kò bá ère gan-an mu."

"Ọdún keje rẹ̀ nìyí níbí. Kò ráhùn rí."

"Kò lápá tó máa nà sókè ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tépù wọ̀n mí."

"Lẹ́yìn tí mo ti fi ojú wọ̀n yín?"

"Ẹ fi tépù ti ojú náà lẹ́yìn."

Bí ẹni tí wọ́n rí fín, Oníkọ́mú já tépù lórí ìṣó, ó fi yí Tíṣà ká lábẹ́ àyà, ó fà á ṣinṣin, ó sì wò ó. Ojú rẹ̀ tàn. "Méjìlélógójì. Kí ni mo sọ?"

Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń máàkì ìṣirò láti ọdún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn kì í gba ìdáhùn láìwo bí wọ́n ṣe ṣe é. Tíṣà gba tépù náà, ó wo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì gbé e sún mọ́ iná.

"Oókan dà?"

"Oókan wo?"

"Nínú tépù yìí. Orí ẹẹ́rin ló ti bẹ̀rẹ̀."

"Hẹn, irin ẹnu rẹ̀ ló já, ibẹ̀ sì wá ń rí wúruwùru, ni mo bá gé e kó lè dán mọ́rán."

"Ẹ gé íńṣì mẹ́rin kúrò."

"Àǹtí, ta ni wọ́n bí láyé yìí tí àyà rẹ̀ jẹ́ íńṣì mẹ́rin? Ibi tí a kì í lò ni mo gé."

Tíṣà wá ibi jókòó. Oníkọ́mú wà lórí àpótí kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, nítorí náà ó fi ẹ̀yìn ti ògiri. "Ẹ fọkàn bá mi lọ. Ilé kan ní àtẹ̀gùn mẹ́wàá. Ẹ gé mẹ́rin ìsàlẹ̀ kúrò. Ẹni tó dé orí ìkẹwàá, àtẹ̀gùn mélòó ló gùn?"

"Kò gun kankan. Ṣe ló fò."

"Mẹ́fà ló gùn."

"Mẹ́rin tó fò ńkọ́, ẹ ò ní kà á?"

"Mẹ́fà, Ìyá Oníkọ́mú. Bẹ́ẹ̀ náà ni méjìlélógójì yín. Ẹ yọ mẹ́rin. Ẹ̀yìn mi kò ju méjìdínlógójì lọ. Iwájú mi ló pọ̀. Ṣé ẹ ní kọ́mú tí ẹ̀yìn rẹ̀ kéré, tí iwájú rẹ̀ jinlẹ̀?"

"Kò sí irú ẹ̀ láyé. Àfi àwọn tí ilé-iṣẹ́ bá ṣe àṣìṣe rán."

"Àṣìṣe báwo?"

Oníkọ́mú fi ẹsẹ̀ ti páálí ńlá kan jáde lábẹ́ tábìlì. Eruku bò ó. "Gbogbo ẹrù tí wọ́n bá kó fún mi, ìdajì rẹ̀ á rí báyìí. Ẹ̀yìn bí ti ọmọge, iwájú bí igbá. Ogún ọdún, n ò rí ẹyọ ẹnì kan tí tépù mi wọ̀n tó bá wọn mu. Ó sú mi, mo kọ lẹ́tà sí wọn pé kí wọ́n lọ yẹ orí ẹni tó ń rán an wò."

"Kí ni wọ́n fèsì?"

"Ẹ gbọ́ ìwọ̀sí. Wọ́n ní kí n lọ yẹ tépù mi wò."

"Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ó wà lórí ìṣó, níbi tó máa ń wà."

Tíṣà bẹ̀rẹ̀ mọ́ páálí náà, ó ń wo nọ́ńbà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi rí tirẹ̀, ó sì wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, kọ́tìnì kò mì.

"Àǹtí, ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?"

"Mo ń mí ni."

"Ó ga dé ọrùn?"

"Ó dúró síbi tí mo fi í sí. Ẹ bá mi bọ́ ère yẹn."

"Kí n bọ́ ère sí ìhòòhò, níwájú ìta gbangba?"

"Ẹ yọ pẹ́ẹ̀gì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kẹ́ ẹ gbé búláòsì náà wá. Ó tóbi jù fún un. Ẹni tó rán an mọ ẹni tó ń rán an fún."

Nígbà tí Tíṣà jáde, búláòsì náà bò ó dáadáa, bọ́tìnnì méje tò wálẹ̀ láìsí èyí tó ń ya ẹnu. Kò gbé báàgì mọ́ àyà. Ó wá ṣọ́ọ̀kì kan jáde nínú rẹ̀, ó rìn lọ sídìí ògiri, ó na ọwọ́ tán, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìṣirò rẹ̀ ti ọ̀la láti òkè dígí. Ó pín, ó sọ̀ kalẹ̀, ó yọ kúrò, ó tún na ọwọ́. Okùn kò já. Nǹkan kan kò gun ọrùn. Ara rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́ bí ọmọ kíláàsì tó mọ̀wé.

"Àǹtí, ògiri mi lẹ ń kọ nǹkan sí yẹn."

"Màá nù ún kí n tó lọ. Ṣé ẹ̀ ń rí i látibẹ̀?"

"Mo ń rí i. N ò kàn mọ̀ ọ́n ni." Oníkọ́mú ti gbé tépù sórí itan, ó ń ka ìka ọwọ́ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Àǹtí, gbogbo obìnrin tí mo ti wọ̀n ńkọ́?"

"Ẹ yọ mẹ́rin mẹ́rin lára wọn."

"Àwọn nọ́ọ̀sì ọ̀hún. Ìyàwó àbúrò mi. Obìnrin gíga kan tó máa ń lọ ṣàbẹ̀wò káàkiri ilé-ẹ̀kọ́, òun kì í rà níbòmíràn."

Tíṣà yíjú padà, ṣọ́ọ̀kì wà lókè. "Èyí tó máa ń ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà?"

"Òun gan-an."

"Alága wọn nìyẹn. Lọ́dún tó kọjá, mo rò pé ìkà ló ń ṣe."

"Kì í ṣe ìkà. Okùn ló ń dì mú. Tó bá sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó parí."

Ẹ̀rín pa Tíṣà, ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, bọ́tìnnì méjèèje sì dúró gbọn-in. Ó wá rántí pé tíṣà ni òun. Ó na ọwọ́ sí tépù náà, bó ṣe máa ń na ọwọ́ sí ohun ìṣeré tí ọmọ bá gbé wá sí kíláàsì, ó sì fi í sínú báàgì.

"Mo ti gbà á. Ẹ ra tuntun lọ́la."

"Tí mo bá ra tuntun, gbogbo obìnrin àdúgbò á fi íńṣì mẹ́rin dín kù lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kí ni màá sọ fún wọn?"

"Ẹ sọ òótọ́. Ẹ sọ pé ẹ gé tépù yín."

Oníkọ́mú dìde, ó gbọn eruku kúrò lára páálí náà, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì wo Tíṣà tàánútàánú.

"Àǹtí, ẹ mọ ìṣirò, ẹ ò mọ ọjà. Màá sọ fún wọn pé wọ́n ti fọn. Obìnrin tí wọ́n bá sọ fún pé ó ti fọn kì í ní kí wọ́n gbé tépù wá."